Ẹ̀yìn Ẹyinjú: Àtọ̀gbẹ àti Ojú Àgbà

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé bàbá àgbà kan tó ti ń fi awò kàwé láti ogún ọdún yóò jí lọ́jọ́ kan, yóò gbé Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀, yóò sì rí i pé lẹ́tà wẹ́wẹ́ ń hàn sí òun kedere láìlo awò. Ilé á gbọ́, àdúgbò á gbọ́. Ní Ìjẹ̀bú-Òde tí a wà yìí, irú ìdúpẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dé iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n bí dókítà ojú bá gbọ́ ọ, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni pé, "Bàbá, ìgbà wo lẹ yẹ ṣúgà yín wò gbẹ̀yìn?" Nǹkan méjì ló sábà máa ń fún àgbà ní irú ojú ọ̀fẹ́ yìí. Ó lè jẹ́ pé jígí inú ojú rẹ̀ ti ń le, tó ti ń ṣú bọ̀, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ kátárákì. Ó sì lè jẹ́ pé ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ló mú kí jígí náà wú, tí agbára rẹ̀ fi yí padà. Èyí ó wù kó jẹ́, bí ìwé ṣe ń hàn sí i ni ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ń ṣú mọ́ ọn lójú. Nítorí èyí náà ni dókítà kì í fi í fún alátọ̀gbẹ tuntun ní awò lójú ẹsẹ̀. Bí ṣúgà bá ń gòkè sọ̀kalẹ̀, awò tí wọ́n rà lónìí lè di aláìwúlò lóṣù tó ń bọ̀. Kí ṣúgà kọ́kọ́ fara balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ṣe báyìí ṣe oríire, nítorí ojú rẹ̀ ti fọhùn. Ibi tí àtọ̀gbẹ ti ń ba ojú jẹ́ gan-an kì í fọhùn. Kì í ro ènìyàn, kì í pọ́n, kì í yún, kì í ṣomi. Rẹ́tínà ni wọ́n ń pè é, awọ fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn inú ẹyinjú, tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, tó sì ń fi ohun tí a rí ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Awọ yìí kò nípọn, ṣùgbọ́n ó lójú kòkòrò: díẹ̀ ni ẹ̀yà ara tó ń lo ọ́síjìn tó o. Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un kéré, òmíràn kò tó irun orí. Bí ẹ̀jẹ̀ tó kún fún ṣúgà bá ń gba inú wọn kọjá lọ́dọọdún, wọ́n á máa dà bíi rọ́bà omi tó ti pẹ́ nínú oòrùn: ibì kan á wú, ibì kan á máa jò, ibì kan á dí.

Jíjò ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, omi díẹ̀, ọ̀rá díẹ̀ á kán sórí rẹ́tínà. Bó bá jẹ́ etí ni wọ́n kán sí, ẹni tó ni ojú kò ní mọ̀ rárá. Bí omi náà bá dé àárín gbùngbùn, ibi tí a fi ń kàwé, tí a fi ń fi abẹ́rẹ́ ránṣọ, tí a sì fi ń dá ojú ọmọ ẹni mọ̀, ibẹ̀ á wú, ohun gbogbo á sì máa rí bàìbàì tàbí kí ó wọ́. Ní ti dídí, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í késí ara fún ìrànlọ́wọ́, ara á sì hu iṣan tuntun fún un. Ìrànlọ́wọ́ òfo ni. Àwọn iṣan tuntun yìí kò lágbára, wọ́n á bẹ́ láìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ya sínú ojú. Àpá tí wọ́n bá fi sílẹ̀ á máa sún kì, á sì fa rẹ́tínà ya kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni aláìsàn máa ń wí pé, "Àná ni ojú mi ń ríran o, òwúrọ̀ òní ló ṣú." Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àná.

Kí ló dé tí ẹni méjì fi lè gba káàdì alátọ̀gbẹ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, tí ọ̀kan á pé ọgọ́rin ọdún tó ṣì ń dá lọ ná ọjà Òkè-Ajé, tí èkejì á sì máa fi ọwọ́ tá ògiri kó tó dé balùwẹ̀? Orí tí a wà yìí dá lórí ìbéèrè yẹn.

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ lẹ́nu ènìyàn ni pé ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí kò ṣàìní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún tí dókítà ojú ń kà ni iye ọdún tí ṣúgà ti lò nínú ẹ̀jẹ̀. Ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà, Ronald Klein àti Barbara Klein bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní nǹkan bí 1980, wọ́n sì tẹ̀lé àwọn alátọ̀gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àìsàn náà bá ti pé ogún ọdún lára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn tó mú ní kékeré ló ti ní àpá rẹ̀ ní rẹ́tínà. Nínú àwọn tó mú lágbà, ó tó ìdá 60 nínú 100.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti òyìnbó nìyẹn, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní 1969, Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí tó di gbajúgbajà oníṣègùn ọpọlọ ní Ìbàdàn, gbé ìwádìí kan jáde lórí ojú àwọn alátọ̀gbẹ 758. Ìdá 2.9 péré nínú 100 ló bá àìsàn rẹ́tínà lójú wọn. Ní 2008, àwọn dókítà ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn tún gbé ìwádìí jáde lórí àwọn alátọ̀gbẹ tiwọn, iye tó ní in ti lé ní ìdá 40 nínú 100. Òótọ́ ni pé ohun èlò ti yàtọ̀, ọ̀nà tí wọ́n fi yan aláìsàn náà yàtọ̀, nítorí náà kí a má gbé iye méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan. Síbẹ̀ èrò tèmi ni pé ọdún wà lára ohun tó fà á. Kí wọ́n tó rí ínsúlínì ní Toronto ní 1921, àtọ̀gbẹ líle kì í jẹ́ kí ènìyàn pẹ́ tó láti fọ́jú. Nílẹ̀ wa, oògùn àtọ̀gbẹ pẹ́ kó tó délé gbogbo ènìyàn. Nígbà tó dé, ẹ̀mí gùn, gígùn ẹ̀mí náà ló sì fún àìsàn yìí láyè láti dé ẹ̀yìn ojú.

Ìṣòro tó wà nínú kíka ọdún ni pé ọ̀pọ̀ kò mọ ìgbà tí tiwọn bẹ̀rẹ̀. Láàárín 2005 sí 2007, àwọn oníṣègùn ojú lọ káàkiri Nàìjíríà, wọ́n yẹ ojú àwọn tó lé ní 13,000 wò, kò sì sí ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún nínú wọn. Bí ìdá mẹ́ta lé díẹ̀ nínú 100 ló ní àtọ̀gbẹ. Nínú àwọn alátọ̀gbẹ yìí, èyí tó ju ìdajì lọ kò mọ̀ pé àwọn ní in, bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló sì ti ní àpá rẹ̀ ní rẹ́tínà. Ẹ ronú sí i wò: ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní àìsàn, àìsàn náà ti ń kọ̀wé sí ẹ̀yìn ojú rẹ̀. Àgbàlagbà tó ń jí tọ̀ nígbà mẹ́rin lóru máa ń dá a lẹ́bi fún ọjọ́ orí; ọkùnrin á ní pírọ́sítéètì ni, obìnrin á ní omi tí òun mu lálẹ́ ló pọ̀. Bó bá ń rù, wọ́n á ní àròjinlẹ̀ ló ń rò. Ọdún ń lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí àgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ lọ yẹ ẹ̀yìn ojú rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ náà gan-an, kí ó má dúró de ìgbà tí ojú bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọdé tí irú àtọ̀gbẹ ti ọmọdé mú lè ní ọdún mélòó kan kó tó kan ojú, nítorí ọjọ́ tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í farasin. Ti àgbà máa ń farasin.

Lẹ́yìn ọdún ni gíga ṣúgà fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà wa mọ bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ ìka. Bí ọjọ́ ilé ìwòsàn bá ku ọ̀túnla, wọ́n á jáwọ́ nínú ẹ̀bà, wọ́n á mu omi ewúro, wọ́n á gbààwẹ̀ òwúrọ̀, nọ́ọ̀sì á gún ìka, nọ́ńbà á dára, gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Àyẹ̀wò HbA1c ni kò ṣeé tàn, nítorí òun ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún oṣù méjì sí mẹ́ta tó kọjá. Gbogbo ìwádìí ńlá tó sọ òtítọ́ fún wa lórí ojú, òun ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ní 1993, ìwádìí DCCT tí wọ́n ṣe lórí àwọn 1,441 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà fi hàn pé àwọn tó mú ṣúgà wọn dáadáa dín ewu kí rẹ́tínà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ kù ní ìdá 76 nínú 100. Àtọ̀gbẹ ti ọmọdé nìyẹn. Ní 2000, ìwádìí UKPDS ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ti àgbà: bí HbA1c bá fi ìdá kan ṣoṣo wálẹ̀, bóyá láti 9 sí 8, ewu ojú àti kíndìnrín ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 37 nínú 100. Ẹni tí dókítà rẹ̀ ní kó dé 7 tí kò sì dé e, kó má sọ̀rètí nù. Láti 11 dé 9 náà, ojú ti jèrè.

N kò lè kọ orí yìí ní Ìjẹ̀bú kí n má dé orí gàrí. Kò sí ẹni tó máa gba gàrí lọ́wọ́ wa, èmi gan-an kò sì ní fẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé gàrí Ìjẹ̀bú kò léwu fún alátọ̀gbẹ nítorí pé ó kan, pé kíkan ti pa ṣúgà inú rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi wà nínú àpò ló sọ ọ́ di kíkan, ó sì bá wa yọ oró inú ẹ̀gẹ́ kúrò. Sítáàṣì tó di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ púpọ̀púpọ̀. Ìkókórè pẹ̀lú, ewùrà ni, sítáàṣì ni. Ìyàtọ̀ wà nínú bí òkèlè ṣe tóbi tó àti ohun tó bá a rìn. Ẹ̀bà tó mọ níwọ̀n pẹ̀lú ẹ̀fọ́ púpọ̀ àti ẹja kì í gbé ṣúgà fò bíi kọ́ọ̀bù gàrí tútù mẹ́ta tí wọ́n da ṣúgà sí lọ́sàn-án, tí wọ́n tún fi ẹ̀bà lé lálẹ́.

Kí n sì tètè sọ èyí fún àwọn ọmọ tó ń tọ́jú òbí: ẹ má ṣe lé ṣúgà àgbà sálẹ̀ jù. Ìyá ẹni ọdún 80 tí ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀ lóru lè ṣubú kó ṣẹ́ ìbàdí, ó lè má dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Fún àgbà tí ara rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, tó ní àìsàn mìíràn mọ́ ọn, dókítà lè gbà pé kí HbA1c wà ní ìsàlẹ̀ 8 dípò 7. Kì í ṣe ìfàsẹ́yìn, ìmọ̀ ni.

A dé ibi tí ariwo wà. Ẹ bi aláìsàn mẹ́wàá léèrè lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ìdí tí wọn kò fi fẹ́ gba ínsúlínì, ẹ máa gbọ́ ọ: "Abẹ́rẹ́ yẹn ló fọ́ ojú ẹ̀gbọ́n mi." Kò dára kí a kàn fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń sọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ nìyí. Oògùn oníhóró ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ó dẹ̀rìn. Wọ́n bọ́ sórí àgbo, wọ́n bọ́ sórí tíì olówó iyebíye tí wọ́n ń polówó lórí rédíò. Ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́wàá kọjá. Ìgbà tí egbò ẹsẹ̀ kò san, tí ṣúgà ti lé ní 400, ni wọ́n tó gbà kí wọ́n gún ínsúlínì. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ojú ṣú. Ta ni wọ́n máa fi ẹ̀sùn kàn bí kò ṣe àlejò tó dé gbẹ̀yìn?

Rẹ́tínà ti bàjẹ́ tipẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó dé. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kì í sábà sọ síta, bóyá nítorí ìbẹ̀rù pé àwọn ènìyàn á tún sá sí i. Bí ṣúgà tó ti ga fún ọdún pípẹ́ bá já wálẹ̀ lójijì, rẹ́tínà tó ti ní àpá tẹ́lẹ̀ lè burú sí i fúngbà díẹ̀. DCCT rí i ní ọdún àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí àwọn kan náà tó mú ṣúgà wọn dáadáa fi ta àwọn yòókù yọ, èrè wọn sì pọ̀ gan-an nígbẹ̀yìn. Bó ṣe rí pẹ̀lú ínsúlínì ló rí pẹ̀lú oògùn yòówù tó bá já ṣúgà wálẹ̀ kíákíá. Ní 2016, ìwádìí SUSTAIN-6 lórí semaglutide, èyí tí wọ́n ń tà ní Ozempic, rí ìṣòro rẹ́tínà lára ìdá 3 nínú 100 àwọn tó gbà á, nígbà tí ti àwọn tí kò gbà á kò pé ìdá 2. Àwọn tí rẹ́tínà wọn ti ní àpá tẹ́lẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ wa ní London àti Houston ti ń fi í ránṣẹ́ sílé fún ìyá wọn nínú báàgì ẹni tó ń bọ̀. Ẹ má dá oògùn dúró, ẹ má sì sá fún ínsúlínì. Ẹ jẹ́ kí dókítà ojú wo ẹ̀yìn ojú ìyá kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, kí ó sì tún un wò lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹni tó bá ní iṣan tuntun tó fẹ́ bẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ìkẹta, fún àgbà Ìjẹ̀bú èmi ì bá sì gbé e sípò kejì. Iṣan tí ṣúgà ti sọ di ẹlẹgẹ́, ìfúnpá ńlá ló máa ń bẹ́ ẹ. UKPDS pín àwọn alátọ̀gbẹ tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru sọ́nà méjì: ìfúnpá àwọn kan wálẹ̀ sí nǹkan bí 144/82, ti àwọn yòókù wà ní 154/87. Ìyàtọ̀ náà kò jọ nǹkan lójú. Síbẹ̀ ó dín iye àwọn tí ojú wọn rẹ̀yìn gidi kù ní ìdá 47 nínú 100. Ó tún ku ibì kan. Nígbà tí ìwádìí parí, tí wọ́n tún tọ ipasẹ̀ àwọn ènìyàn yẹn fún ọdún mẹ́wàá mìíràn, wọ́n rí i ní 2008 pé ara kò gbàgbé oore ṣúgà: àwọn tó ti mú un dáadáa níbẹ̀rẹ̀ ṣì ń jèrè rẹ̀, bí ṣúgà wọn tilẹ̀ ti padà dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Ti ìfúnpá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ìtọ́jú rẹ̀ dẹ̀ ni èrè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Ẹ wá wo bí àwọn àgbà wa ṣe ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn hóró yẹn ló ń mú ni tọ̀. Ta ló máa wọ aṣọ òfì, tó máa wé gèlè, tó máa jókòó sábẹ́ kánópì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ àjọ̀dún Ojúde Ọba, tó máa tún máa wá ibi tí wọ́n ti ń tọ̀? Wọ́n á fi oògùn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí òkú kan bá wà lọ́sẹ̀ kejì, tí ìgbéyàwó tẹ̀lé e, oṣù á ti lọ. Ẹ sọ fún dókítà. Oògùn mìíràn wà tí kì í mú ni tọ̀, aago tí wọ́n ń lo èyí tó ń mú ni tọ̀ náà sì ṣeé yí padà. Ẹni tí kò sọ ni kò rí àtúnṣe.

Kíndìnrín àti rẹ́tínà, irú iṣan kan náà ló ń bọ́ wọn. Bí ìtọ̀ bá ń hó tí ìfófó rẹ̀ kò tètè lọ, tàbí tí ilé àyẹ̀wò bá ní púrótéènì wà nínú rẹ̀, ojú ló kàn láti yẹ̀ wò. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti sìgá náà wà lára ohun tó ń dá kún un. Bákan náà ni oyún fún àwọn tó ṣì ń bímọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan orí yìí.

Èyí tí mo rí tó ń bí mi nínú jù ni ti oògùn ara ríro. Orúnkún àgbà ń dùn ún, ó yà sí kẹ́míìsì, wọ́n ka hóró mẹ́rin mẹ́rin sínú bébà, wọ́n ní kó lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Nínú bébà yẹn, ó wọ́pọ̀ kí ẹ bá dexamethasone tàbí prednisolone. Orúnkún á fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń padà lọ. Ṣùgbọ́n irú oògùn yìí ń gbé ṣúgà sókè gan-an, ó sì ń gbé ìfúnpá sókè. Dókítà á máa fi kún oògùn àtọ̀gbẹ láìmọ̀ pé bébà funfun kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Irú rẹ̀ tó jẹ́ oògùn kíkán sójú, tí wọ́n ń rà fún ojú tó ń yún, ń yára mú kátárákì wá, ó sì lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga títí yóò fi di glaucoma, àìsàn tó ti wọ́pọ̀ láàárín wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dání, bébà, ìgò àgbo àti ike oògùn kíkán sójú.

Gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ wọ̀nyí, ìlú kan lè ní wọn kí ojú àwọn ará ibẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ fọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti bí 2003 ni wọ́n ti ń ṣètò kí lẹ́tà máa dé ilé gbogbo alátọ̀gbẹ tó ti pé ọdún méjìlá, pé kí ó wá kí kámẹ́rà ya ẹ̀yìn ojú rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Ní 2014, ìwádìí kan fi hàn pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí àádọ́ta ọdún, àtọ̀gbẹ kọ́ ló ń fọ́jú jù mọ́ láàárín àwọn tó ṣì wà lọ́jọ́ orí iṣẹ́ ní England àti Wales. Àtọ̀gbẹ kò dín kù níbẹ̀ o, ṣe ló ń pọ̀ sí i. Ìyá tó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Peckham, ní London, ń gba lẹ́tà. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀jẹ̀ kan náà, ṣúgà kan náà, kò sí ẹni tó ń pè é. Lójú tèmi, àìsí ẹni tó ń peni yìí ni ewu tó ga jù nínú gbogbo wọn.

Bẹ́ẹ̀, bí ìlú kan bá wà tó mọ ènìyàn pè jọ, Ìjẹ̀bú ni. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wàjà ní oṣù keje 2025 lẹ́yìn ọdún 65 lórí oyè Awùjalẹ̀, jí ètò rẹgbẹ́rẹgbẹ́ dìde débi pé kò sí ẹni tó dàgbà tí kò mọ ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ bọ́ sí. Ẹgbẹ́ tó lè ṣètò aṣọ kan náà, bàtà kan náà àti ẹṣin fún Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tó sì mọ ilé ẹni tí kò tíì sanwó, kò ní ṣòro fún un láti mọ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ nínú wọn àti ìgbà tó yẹ ojú wò gbẹ̀yìn. Àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí wọn ó lọ kò jìnnà. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Ìpínlẹ̀ wà nínú Ìjẹ̀bú-Òde. Deseret Community Vision Institute, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìtọ́jú ojú àwọn ará ìgbèríko, wà ní Ìjẹ̀bú-Imuṣin. Ilé ìwòsàn yunifásítì, OOUTH, wà ní Ṣágámù, ní ọ̀nà márosẹ̀. Ohun tí ẹ máa béèrè fún ni pé kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú yín. Kíka lẹ́tà lára ògiri nìkan kò tó, nítorí ẹni tí rẹ́tínà rẹ̀ ti ń jò létí lè ka lẹ́tà ìsàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n á kán oògùn kan sójú tó máa la ọmọlójú sílẹ̀. Ó ń ta díẹ̀, ó sì ń gba bí ìdajì wákàtí kó tó ṣiṣẹ́. Fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn á máa bọ́ mọ́ ojú, ìwé kò ní ṣeé kà. Ẹ mú ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ dání, ẹ má wa ọkọ̀, ẹ má sì dá gun ọ̀kadà padà sílé. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á sọ oṣù tí ẹ máa padà wá.

Àmì kan wà tí kò gba ìdúró títí di ọdún tó ń bọ̀: bí dúdú-dúdú bíi òwú aláǹtakùn bá ṣàdédé ń fò lójú yín, bí mànàmáná bá ń kọ níbi tí kò sí iná, bí aṣọ títa bá bò yín lójú lápá kan, tàbí bí òpó iná tó tọ́ bá ń rí wíwọ́. Ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ. Ẹ má fi oyin sí i, ẹ má fi ìtọ̀ sí i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan ṣóńṣó ti jígí ojú ṣubú sẹ́yìn.

Ìtọ́jú rẹ̀ ti wà tipẹ́. Láti 1976 ni ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé títa laser sí rẹ́tínà ń dín ewu kí ojú tó ti hu iṣan tuntun fọ́ kù ju ìdajì lọ. Fún àárín rẹ́tínà tó wú, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún sínú ojú, bíi bevacizumab tàbí ranibizumab, wọ́n á sì gún un léraléra fún oṣù púpọ̀. Ó ń ná ni lówó, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń fi owó àpò ara ẹni san án, ẹni tó bá sì gún ọ̀kan tó jókòó sílé kò ní rí ohun tó retí. Oògùn kíkán sójú ti mú ara kú kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, nítorí náà ìbẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ ju ìrora rẹ̀ lọ.

Kí aláìsàn laser mọ̀ ṣáájú pé ìríran tó ti lọ, laser kì í sábà dá a padà. Èyí tó kù ló ń dì mú. Ẹni tó bá gba púpọ̀ rẹ̀ sójú kò ní máa ríran lóru bíi ti tẹ́lẹ̀, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò sì ní tètè máa hàn sí i. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ọmọ gba ọkọ̀ wà, kí iná àtẹ̀gùn àti ti ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì máa wà ní títàn.